Ìrẹsì Ọdún Tàbí Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Olùrànlọ́wọ́ Olùkọ́: Èwo Ni Kí Ẹ̀ka Wa Mú?

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti owó àjẹmọ́nú, kì í sì í ṣe ti àwọn tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ àbá kan ni, tí yóò wá síwájú ìpàdé gbogbogbòò ẹ̀ka wa kí ọdún tó parí. Àbá náà ni pé kí á mú apá kan nínú owó tí à ń fi ra ìrẹsì ọdún, kí á fi rán mẹ́ta nínú àwọn ọmọ wa lọ kọ́ iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ olùkọ́. Kíláàsì tí a ń sọ ni kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ yan iṣẹ́ tí yóò ṣe, tí olùkọ́ kì í dúró nídìí pátákó láti àárọ̀ di ọ̀sán.

Nígbà tí àbá yìí kọ́kọ́ jáde láàárín àwa aṣojú òṣìṣẹ́, ariwo sọ. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu géètì, ó dé ibi tí a ti ń jẹun, ó dé inú ọkọ̀. Àwọn kan ní, "Ṣé ẹni tí yóò máa jókòó wo ọmọ ọlọ́mọ ni a ó máa fi owó ẹgbẹ́ kọ́ níṣẹ́?" Àwọn mìíràn ní ilé-ìwé olówó ni irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ wà, pé kí ló kan tálákà nínú rẹ̀. Àwọn kan kò tilẹ̀ jiyàn rárá, wọ́n kàn ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìrẹsì wọn.

A kò ní purọ́ fún yín. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbọ́ àbá yìí, ìrẹsì ni àwa tí ń kọ ìwé yìí náà dìbò fún. Ohun tó yí wa lọ́kàn padà ni a fẹ́ rò fún yín, kí ẹnikẹ́ni tó dìbò.

Awakọ̀ kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, àgbà nínú iṣẹ́, ẹni tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún. Ọmọbìnrin rẹ̀ jáde ní ilé-ìwé gíga sẹ́kọ́ńdírì, ó wáṣẹ́ títí, kò rí. Nígbẹ̀yìn, ilé-ìwé aládàáni kan ní Surulere gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹni tí àwọn ọmọ ń pè ní àǹtí. Wọ́n rán an lọ sí ẹ̀kọ́ kúkúrú tí a fi ń kọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ ní kíláàsì Montessori. Ọmọ náà ń lọ, ó ń bọ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá rẹ̀ bi í léèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ, ó ní, "Bàbá mi, wọ́n ní kí n má máa sáré ran ọmọ lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ tó lè dá ṣe. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n máa wò ó, kí n sì máa kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀."

Bàbá fara ya. Ó wá bá àwa aṣojú, ó ní wọ́n ti sọ ọmọ òun di ẹni yẹ̀yẹ́, pé ta ni yóò sanwó fún ẹni tó káwọ́ gbera. Ó ní kí á bá òun dé ilé-ìwé náà. Ọjọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún òbí àti alágbàtọ́ ni a bá a lọ.

Ohun tí a rí nìyí. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́sàn-án wà nínú yàrá kan náà. Kò sí ẹni tó ń pariwo "A fún ápù" tẹ̀lé tíṣà. Àwọn kan jókòó sórí ẹní, àwọn kan wà nídìí tábìlì, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Olùkọ́ àgbà wà ní igun kan, ó ń kọ́ ọmọ mẹ́rin péré. Ọmọkùnrin kan wà nítòsí wa tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ìṣirò. Ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan jẹ́ ení. Mẹ́wàá tí a sín sórí wáyà kan jẹ́ ẹ̀wá. Wáyà mẹ́wàá tí a so pọ̀ di pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin tó jẹ́ 100. Pẹlẹbẹ mẹ́wàá tí a tò léra di 1,000, ó rí bíi bulọ́ọ̀kù kékeré, ọmọ sì ń gbé e lọ́wọ́, ó ń mọ bó ti wúwo tó. Ọmọ náà fẹ́ ro 1,346 pọ̀ mọ́ 2,537. Ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, ṣùgbọ́n ó fi ẹyọ 13 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò fi mẹ́wàá nínú rẹ̀ pààrọ̀ wáyà kan. Ìṣirò rẹ̀ kò bọ́ sí i.

Ọmọ awakọ̀ wa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìwé wà lórí itan rẹ̀, kò fọhùn. Bàbá rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún wa níhàá, ó ní, "Kí ló dé tí kò sọ fún un?" Ọmọ náà yọ orí sókè, ó wo àǹtí rẹ̀. Àǹtí rẹ́rìn-ín músẹ́, kò fọhùn síbẹ̀. Ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tó dé ìkẹwàá, ó dúró. Ó kó ẹyọ mẹ́wàá lọ sí ibi tí wọ́n ń kó ìlẹ̀kẹ̀ sí, ó fi pààrọ̀ wáyà kan, ó padà wá, ó sì kọ 3,883 sínú ìwé rẹ̀. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni àǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bírò, tó kọ nǹkan.

Nígbà tí a wọ dáńfó padà, bàbá bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tó kọ. Ó ka ìwé náà fún wa. Ó kọ ọ́ pé ọmọ náà ka ẹyọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pé òun fúnra rẹ̀ ló rí àṣìṣe rẹ̀, pé kò wo ìwé ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, àti àkókò tó fi wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó ní àkọsílẹ̀ yìí ni olùkọ́ àgbà yóò kà lọ́sàn-án láti mọ ẹ̀kọ́ tó kàn fún ọmọ náà lọ́la. Bàbá dákẹ́ títí tí a fi dé Ojúẹlẹ́gba. Nígbà tó yá, ó ní, "Bí èmi náà ti ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì kí n tó ṣí bónẹ́ẹ̀tì nìyẹn." Láti ọjọ́ náà kò tún sọ̀rọ̀ ẹni tó káwọ́ gbera mọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí á ro ọ̀rọ̀ awakọ̀ yìí dáadáa. Kò sí nínú wa ẹni tí kò mọ ọ̀gá mẹkáníkì oríṣi méjì. Ẹ lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin, ẹ ó rí wọn. Ọ̀gá kan wà tó jẹ́ pé bí ọmọ iṣẹ́ bá ti fi sípánà kan nọ́ọ̀tì, tí kò tètè tú, yóò já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò tú u fúnra rẹ̀, yóò sì bú u mọ́ ọn. Ọdún mẹ́fà ni ọmọ náà yóò fi máa gbé àpótí irinṣẹ́ kiri, kò ní mọ ohun kan. Ọ̀gá kejì yóò dúró tì í, yóò wò ó. Bí ọmọ bá ń tú u sí òdì, yóò jẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fẹ́ fọwọ́ kan ibi tí iná wà, kíá ni yóò mú un lọ́wọ́. Èwo nínú àwọn ọ̀gá méjèèjì ni kò ṣiṣẹ́? Mímọ ìgbà tí a ó dúró àti ìgbà tí a ó dá sí i, iṣẹ́ ni, ẹni tí kò bá sì kọ́ ọ kì í mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí wọ́n ń kọ́ olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ nìyẹn.

Kì í ṣe ìyẹn nìkan ni ó ń kọ́. Ó ń kọ́ bí a ti ń tún yàrá ṣe kí àwọn ọmọ tó dé, nítorí bí ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan bá sọnù, ìṣirò ọmọ kò ní pé láéláé. Ó ń kọ́ bí a ti ń rìn lọ bá ọmọ láti bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, dípò kí á máa ké mọ́ ọn láti òdìkejì yàrá. Ó ń kọ́ bí a ti ń kọ ohun tí ojú rí láì fi èrò tiwa kún un: "ó dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta" ni yóò kọ, kì í ṣe "ọ̀lẹ ni." Ó ń kọ́ pé olùkọ́ àgbà ló ni ẹ̀kọ́ tuntun láti fi lélẹ̀, pé òun kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ ọ̀gá ṣe. Òun náà ló sì máa ń sin àwọn ọmọ méjì tàbí mẹ́ta jáde, nígbà tí àwọn ọmọ bá fúnra wọn ṣètò láti lọ wádìí nǹkan ní ọjà, ní ilé ìkàwé, tàbí ní ilé ìtẹ̀wé. Àwọn ọmọ ni yóò béèrè ọ̀rọ̀. Tirẹ̀ ni kí ó rí i pé wọ́n lọ re, wọ́n bọ̀ re. Ẹ̀yin kọ́ńdọ́, bí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá bá yín ní ibùdókọ̀ Yaba, tí wọ́n ní kí ẹ fi bí ẹ ti ń ṣírò ṣéńjì han àwọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá wọn lóhùn. Olùkọ́ ni yín lọ́jọ́ náà.

Wàyí o, sí àwọn tó ní ọ̀rọ̀ olówó ni. Ẹ gbọ́ bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kíní ọdún 1907, obìnrin dókítà kan tó ń jẹ́ Maria Montessori ṣí ilé kan fún àwọn ọmọdé ní San Lorenzo, àdúgbò tálákà ní Róòmù, olú-ìlú Ítálì. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń gbé inú àwọn ilé ńlá tó wà níbẹ̀. Àwọn òbí a jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé-ìwé lọ a wà nílé láìsí alábòójútó, wọn a máa sáré lórí àtẹ̀gùn, wọn a máa fi ọwọ́ ba ògiri jẹ́. Àwọn tó ni ilé kò fẹ́ kí ilé wọn bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pe dókítà náà. Ta ló sì fi ṣe alábòójútó àwọn ọmọ wọ̀nyí? Kì í ṣe olùkọ́ oníwèé-ẹ̀rí. Ọmọbìnrin aṣọ́nà ilé náà ni. Dókítà kọ́ ọ bí yóò ti ṣe, ó sì ní ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí obìnrin náà kò tíì kọ́ àṣà pípàṣẹ-wàá tó wọ àwọn tíṣà lára.

Ẹ tún un gbọ́ o: ọmọ aṣọ́nà, láàárín àwọn ọmọ òṣìṣẹ́. Ibẹ̀ ni nǹkan yìí ti wá. Ní 1916, Dókítà náà tẹ ìwé jáde lórí bí a ó ti lo ọ̀nà kan náà fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1929 òun àti ọmọ rẹ̀ Mario dá ẹgbẹ́ àgbáyé sílẹ̀ láti máa tọ́jú ẹ̀kọ́ náà. Ó kú ní 1952. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni orúkọ rẹ̀ wá di ohun tí wọ́n ń kọ sára pátákó ní Surulere, ní Yaba, àti ní àwọn àdúgbò tí owó ilé-ìwé ibẹ̀ ju agbára òṣìṣẹ́ lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì lè kọ Montessori sára ògiri. Ìyẹn kò ní kí ohun tó wà nínú ilé bá orúkọ mu. Àwa la ni ín tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ń tà á fún wa. Ṣé kí á wá ní kò kàn wá?

Ní ilẹ̀ tiwa náà, fífi ọ̀dọ́ ṣe olùrànlọ́wọ́ nínú kíláàsì kì í ṣe tuntun. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé ẹni tó bá jáde Sítáńdáàdì Síìsì lè di tíṣà kékeré lábẹ́ hẹdimásítà, tí yóò máa kọ́ni, tí yóò sì máa kọ́ iṣẹ́ lọ, kí ó tó lọ gba Gíréèdì Tíríì tàbí Gíréèdì Túù. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kíní 1955, Mushin wà lábẹ́ ìjọba náà, nígbà tí Yaba àti Surulere wà lábẹ́ Èkó ti ìjọba àpapọ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wà ní nǹkan bíi 457,000 ní 1954 fò sókè kọjá 811,000 láàárín ọdún kan. Olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ kò tó. Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n kó wọlé láti dí àlàfo náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ kankan. Àwọn tó rí ẹni kọ́ wọn di olùkọ́ gidi. Àwọn tí kò rí, pàṣán nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n lò. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé, bí a bá fi ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ sídìí ọmọ, ọmọ náà ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Bákan náà, ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, ọmọ Èkó, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lára àwọn ẹ̀kọ́. Wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n sì tún àwọn olùkọ́ kọ́. Ohun tí ètò náà fi hàn wá ni pé ọmọ tó bá ń fi èdè tó gbọ́ béèrè ọ̀rọ̀ kì í dákẹ́ sí kíláàsì. Àwọn ọmọ wa tí a fẹ́ rán lọ yìí gbọ́ Yorùbá ti Mushin. Ọmọ tó bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn yóò rí ẹni dá a lóhùn.

Ẹ wo ilé-ìwé ìjọba tí àwọn ọmọ wa ń lọ lónìí. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa sọ pé ọmọ 35 ni kí ó wà fún olùkọ́ kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ níbẹ̀, ẹ lọ ka orí àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì ọmọ yín, kí ẹ wá sọ fún wa. Ní ọdún 2020 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò EKOEXCEL, tí wọ́n fún olùkọ́ ní tábúlẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, tí olùkọ́ ń tẹ̀ lé e. A kò sọ pé ohun burúkú ni, nítorí ó sàn kí tíṣà ní ohun tí yóò kọ́ni ju kí ó máa wo òkè lọ. Ṣùgbọ́n tábúlẹ́ẹ̀tì kò lè rí i pé ọmọ tó wà lẹ́yìn kò tíì mọ ẹ̀wá yàtọ̀ sí ení. Ojú ènìyàn ló ń rí ìyẹn. Bí olùkọ́ kan bá sì ní ọmọ púpọ̀ níwájú, ojú rẹ̀ méjèèjì kò lè tó. Ojú kejì yẹn ni olùrànlọ́wọ́.

Àwọn kan ní, "Bí ẹ bá ní kí ọmọ máa yan ohun tó wù ú, ṣé kò ní di àkẹ́bàjẹ́?" Ìbéèrè gidi ni, àwa náà béèrè rẹ̀. Ohun tí a rí ni pé ọmọ ló ń yan iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n kò lè yàn láti jókòó lásán tàbí láti da ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ láàmú. Ohun èlò kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá. Ẹni tí kò bá kàn gbọ́dọ̀ dúró. Ẹni tó bá lò ó tán gbọ́dọ̀ dá a padà sí àyè rẹ̀ bí ó ti bá a. A kò rí pàṣán níbẹ̀, a kò sì rí ìjà. Bí gbogbo wa bá lè to ìlà báyìí ní ibùdókọ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Èkó ì bá dára jù báyìí lọ.

Àwa tí ń kọ ìwé yìí, ìwé mẹ́fà ni a kà kí a tó wọ iṣẹ́. Ilé-ìwé alẹ́ ní Yaba ni a ti parí ìyókù, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Olùkọ́ méjì ni a kò lè gbàgbé níbẹ̀. Ọ̀kan a máa gba ẹfun lọ́wọ́ wa, a sọ ìdáhùn, a ní, "Ẹ ti dàgbà jù fún èyí." Èkejì a gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn, a dúró, àgbàlagbà yóò máa ro ìṣirò níwájú pátákó, òógùn yóò máa bọ́, kò ní fọhùn títí yóò fi rí i fúnra rẹ̀. Ohun tí olùkọ́ kejì jẹ́ kí á rí ni a fi ń ka ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn agbanisíṣẹ́ lónìí. Ti èkíní ti fò lọ.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù wá kù, nítorí a kò ní rán ọmọ wa lọ sínú ìyà pẹ̀lú ojú ṣíṣí. Ọmọ awakọ̀ wa tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, inú owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ìwé kan tó fi hàn iye tó kù. Ìyẹn kò dára. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2024 fi owó oṣù tó kéré jù lọ sí 70,000 náírà, ìjọba Èkó sì kéde 85,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún náà. Ṣùgbọ́n òfin owó oṣù náà yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ẹ mọ iye ilé-ìwé aládàáni kéékèèké tó wà ní àdúgbò yín, ẹ sì mọ iye ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ibi tí àwọn àǹtí ti ń já bọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tó ní ìwé tó fi hàn pé òun kọ́ ọ, ni ó lè fẹnu sọ iye tó fẹ́. Ẹni tí wọ́n kàn ní kó wá máa wo ọmọ, ohun tí wọ́n bá fún un ni yóò gbà. Ẹ rántí pé àwọn olùkọ́ náà mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 1931, ní Èkó níbí, ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà, NUT, sílẹ̀, Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti sì ni ààrẹ àkọ́kọ́.

Nítorí náà, àwọn ohun tí a fẹ́ kí ìpàdé fọwọ́ sí pọ̀ mọ́ àbá náà nìyí.

Ìkíní, kí yíyàn má jẹ́ ti ojúsàájú. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ fi orúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ọkùnrin tàbí obìnrin, kí ìgbìmọ̀ sì fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Kí ọmọ aṣojú kankan má sí nínú mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ìkejì, kí á san owó tààrà fún ibi ẹ̀kọ́ṣẹ́, lẹ́yìn tí àwọn aṣojú bá ti lọ wò ó. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí wọ́n béèrè: ta ló fún ẹni tó ń kọ́ni níwèé-ẹ̀rí? Wákàtí mélòó ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi jókòó nínú kíláàsì tí àwọn ọmọ gidi wà? Ṣé ilé-ìwé mìíràn yóò gba ìwé-ẹ̀rí náà? Bí wọn kò bá rí ìdáhùn sí i, kí wọ́n padà sílé pẹ̀lú owó wa.

Ìkẹta, kí ẹni tí a bá kọ́ fi ọdún kan sìn wá pẹ̀lú. Ní gbogbo Sátidé, kí gbọ̀ngàn ẹ̀ka wa ṣí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ òṣìṣẹ́. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ lílọ̀ ní ilé iṣẹ́ wa lè fi àjákù pákó gbẹ́ ohun èlò ìṣirò. Ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a fọ̀ mọ́ lè ṣe iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀. A kò nílò ti olówó.

Ìkẹrin, kí ẹnikẹ́ni má tan ọmọ jẹ. Olùrànlọ́wọ́ kì í ṣe olùkọ́ kíkún. NCE ni ìwé-ẹ̀rí tó kéré jù lọ fún olùkọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọmọ tí iṣẹ́ náà bá wù, kí ó fi èyí ṣe àtẹ̀gùn, kí ó gùn ún lọ.

A kò ní kí á pa ìrẹsì ọdún rẹ́. A mọ ohun tó túmọ̀ sí nínú ilé òṣìṣẹ́ ní oṣù Kejìlá, pàápàá ní irú àkókò yìí. Ohun tí a ní ni pé kí á dín in kù díẹ̀. Kí oṣù Kíní tó parí, ìrẹsì ti tán, àpò rẹ̀ ti di ohun tí a fi ń nulẹ̀. Ọmọ tí a bá kọ́ yóò ṣì wà níbẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀, àwọn ọmọ tiwa yóò sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ó ti pẹ́ tí a ti ń na ọwọ́ dé orí pẹpẹ fún ọmọ. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ ẹni tí yóò mọ̀ pé akèrègbè wà, tí yóò sì jẹ́ kí ọmọ ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ẹ wá sí ìpàdé. Ẹ má fi ìbò yín sílẹ̀ fún àwọn tó ń pariwo lẹ́nu géètì. Ẹni tó bá ní ohun tó lòdì sí ọ̀rọ̀ wa, kí ó dìde níbẹ̀ kí ó sọ ọ́, a ó gbọ́ ọ.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́.